Ogun Orí Ilẹ̀kùn Bàbá Àgbà

Òórùn ẹja tí màmá mi ń yan ló máa ń jí wa nílé wa ní Ìgbòkòdá, ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, òórùn ọ̀dà ló jí mi. Ó le débi pé mo ti ń sín kí n tó lajú. Mo tẹ̀lé e jáde sí ẹ̀yìnkùlé, mo sì bá bàbá mi níbẹ̀. Wọ́n jókòó sórí àpótí ìdáná màmá mi, wọ́n ká ṣòkòtò wọn dé orúnkún, wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ kun ọkọ̀ ojú omi kan tí kò gùn ju ìka ọwọ́ mi lọ. Wọ́n ti to èyí tí wọ́n kùn tán sórí ògbólógbòó páànù kí oòrùn lè gbẹ wọ́n, pupa lápá kan, búlúù lápá kejì. Ariwo ẹ́ńjìnnì àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí ìsàlẹ̀ odò ń ti etí omi wá, èéfín ẹja ń kọjá lórí wa, bàbá mi sì ń fi ẹnu fẹ́ ọkọ̀ pupa kan bí ẹni tó ń fẹ́ tíì gbígbóná.

"Má fọwọ́ kàn án," ni wọ́n sọ láìbojú wẹ̀yìn. "Àwọn jagunjagun ló wà nínú rẹ̀."

Tíṣà ìtàn ni bàbá mi ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Ohun tó máa ń dùn wọ́n jù ni pé àwọn ọmọ tí wọ́n ń kọ́ lè ka ogun àwọn òyìnbó láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni ń ka a-bí-dí, ṣùgbọ́n bí o bá bi wọ́n léèrè ogun tí àwọn bàbá ńlá wọn jà lórí omi tí wọ́n ń wẹ̀ nínú rẹ̀ lójoojúmọ́, wọ́n á máa wo ẹsẹ̀ ara wọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe eré ogun kan fún wa. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí pé nígbà náà, kò tíì sí fóònù tí ọmọdé ń tẹ̀ láti jagun. Lúdò la ní, àti ayò, àti iyanrìn. Bàbá mi wá gbẹ́ ọkọ̀ láti inú igi imọ̀ ọ̀pẹ, wọ́n fi ẹfun ya odò sórí ilẹ̀ símẹ́ńtì ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, wọ́n gba dáìsì lúdò lọ́wọ́ wa, wọ́n sì kọ́ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, Déolú, ní ogun Odò-Ẹrẹ̀ àti Òkè-Àgbọn.

Ẹ má wulẹ̀ wá ìlú méjèèjì lórí àwòrán ilẹ̀. Ọ̀kan ti kéré jù, òkun sì ti gbé èkejì lọ. Odò-Ẹrẹ̀ ni ìlú bàbá mi, nínú àwọn ẹ̀ka odò lápá Etikan, níbi tí èèyàn ti lè fi ọkọ̀ lọ kí aládùúgbò rẹ̀. Òkè-Àgbọn ni ìlú màmá mi, létí òkun gan-an, tí èèyàn bá ti kọjá Aráròmí. Láyé àwọn bàbá ńlá wa, ìlú méjèèjì jà nítorí ẹnu odò kan tí ẹja pọ̀ sí, wọn ò gbà fún ara wọn ta ló ni ẹ̀tọ́ láti dẹ ìgèrè síbẹ̀. Akínlolú ni olórí ogun Òkè-Àgbọn. Ó kó ọkọ̀ rẹ̀ wọ inú ẹ̀ka odò tóóró kan nígbà tí omi ń fà, omi sì fà tán lábẹ́ wọn. Gbogbo ọkọ̀ náà jókòó sórí ẹrẹ̀ bí adìyẹ tó sàba. Àwọn ará Odò-Ẹrẹ̀ kò tilẹ̀ jà púpọ̀, wọ́n kàn gba etí omi wá pẹ̀lú ọ̀pá gígùn, wọ́n sì mú wọn.

Bó ṣe wà nínú ìtàn ni bàbá mi ṣe fi sínú eré. Òfin kan wà tí kò ṣeé yí: bí omi bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà, gbogbo ọkọ̀ pupa gbọ́dọ̀ wọ inú ẹ̀ka odò tóóró. Ohun yòówù kí dáìsì sọ, wọ́n gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Nítorí pé èmi ni àbúrò, èmi ni wọ́n máa ń fún ní ọkọ̀ pupa, èmi ló sì máa ń pàdánù. Mo bẹ̀bẹ̀, mo sunkún. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gba ibòmíràn lẹ́ẹ̀kan péré.

"Ìtàn kì í ṣe ọbẹ̀," ni bàbá mi máa ń sọ, "tí èèyàn á máa fi iyọ̀ sí títí á fi bá ẹnu rẹ̀ mu."

Màmá mi á dáhùn láti ibi tí wọ́n ti ń yí ẹja padà lórí iná: "Eré tó ti mọ ẹni tó máa borí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ ni. Ẹ fún ọmọ náà lówó iṣẹ́ rẹ̀." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọmọ Òkè-Àgbọn ni màmá mi. Mo máa ń rí i pé wọn kì í wo ọ̀dọ̀ wa tó bá ti kan ibi tí ọkọ̀ pupa máa wọ ẹ̀ka odò.

Ní àsìkò òjò ọdún yẹn ni òkun gbé ilé Bàbá Àgbà lọ. Bàbá màmá mi ni wọ́n. Gbogbo ayé wọn ni wọ́n lò ní Òkè-Àgbọn, apẹja ni wọ́n, olórí ẹbí sì ni wọ́n, ìran Akínlolú gan-an ni wọ́n sì ti ṣẹ̀ wá. Ìyá Àgbà ti kú ṣáájú, wọ́n sì sin wọ́n sí ẹ̀yìnkùlé, bí àwọn ará ibẹ̀ ti ń ṣe. Ibi tí sàréè náà wà ni òkun kọ́kọ́ gbé kó tó kan ilé. Mo rántí ọjọ́ tí ìròyìn náà dé. Màmá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nídìí ẹja, wọ́n ń sọ pé, "Òkun ti gbé ìyá mi lọ, òkun ti gbé ìyá mi lọ," èmi sì rò nínú ọkàn ọmọdé mi pé Ìyá Àgbà ti kú lẹ́ẹ̀kejì.

A lọ pàdé Bàbá Àgbà létí omi. Àpò kan ni wọ́n gbé wá, àti àwọ̀n tí wọ́n ká, àti ilẹ̀kùn kan. Ilẹ̀kùn igi ìrókò ni, ó nípọn, àwọn ọ̀dọ́kùnrin àdúgbò ló yọ ọ́ kí ògiri tó wó. Nǹkan mìíràn kò kù nínú ilé náà. Ọkọ̀ tó gbé wọn wá kún fún èrò àti agbọ̀n ẹja, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn náà ló gba àárín ọkọ̀, Bàbá Àgbà sì gbé ọwọ́ lé e bí ẹni tó ń di ọmọdé mú kó má baà ṣubú sómi.

Wọ́n súre fún wa lọ́jọ́ yẹn, wọ́n fi ọwọ́ kan orí èmi àti Déolú. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́. Kì í ṣe pé wọ́n bínú. Bí a bá kí wọn, wọ́n á mi orí. Bí a bá gbé oúnjẹ wá, wọ́n á mú òkèlè bíi méjì, wọ́n á sì ti àwo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Orí àga kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n máa ń jókòó sí láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ṣùgbọ́n wọ́n yí àga náà sí ògiri, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà odò. Màmá mi se púpùrú, òkèlè ẹ̀gẹ́ tiwa, wọ́n se ọbẹ̀ ẹja tútù, wọ́n se edé, wọ́n se gbogbo ohun tí Bàbá Àgbà fẹ́ràn nígbà tí ara wọn yá. Àwo ń padà bó ṣe lọ. Mo gbọ́ tí màmá mi sọ fún bàbá mi pé, "Ẹni tó bá ti fi ẹnu dákẹ́, ara rẹ̀ náà á dákẹ́ láìpẹ́." Kò yé mi dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ wo àyà Bàbá Àgbà tí wọ́n bá sùn, bóyá ó ń lọ sókè tí ó ń bọ̀ wálẹ̀.

Òjò kò jẹ́ kí ẹfun dúró lórí símẹ́ńtì ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo odò tí bàbá mi bá yà ni ọ̀wààrà ń pa rẹ́. Ní ọjọ́ kan, bàbá mi dọ̀bálẹ̀ níwájú Bàbá Àgbà, wọ́n bèèrè bóyá àwọn lè lo ilẹ̀kùn tó fara ti ògiri fún eré àwọn ọmọ. Màmá mi fajú ro. Ṣùgbọ́n Bàbá Àgbà kàn gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, bí ẹni tó ní kò sí ohun tó kan òun mọ́. Bàbá mi gbé ilẹ̀kùn náà lé orí àpótí méjì, wọ́n ya òkun, odò àti ìlú méjèèjì sí i lára. Bẹ́ẹ̀ ni ogun ṣe kúrò nílẹ̀ tó bọ́ sórí ilẹ̀kùn, kò sì ju ìwọ̀n apá kan lọ sí ibi tí Bàbá Àgbà jókòó sí.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí a dé láti ilé ẹ̀kọ́, èmi àti Déolú ń ṣeré, bàbá mi ń ṣe adájọ́ bí ìṣe wọn. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í fà nínú eré náà. Déolú na ọwọ́ láti ti àwọn ọkọ̀ mi wọ ẹ̀ka odò, èmi sì di ọwọ́ rẹ̀ mú, mò ń pariwo. Ohùn kan wá sọ lẹ́yìn wa pé:

"Kí ló dé tó fi máa wọ̀ ọ́?"

Gbogbo wa wo ara wa. Bàbá mi ló kọ́kọ́ yíjú.

"Ẹ̀yin ni, Bàbá?"

"Mo ní kí ló dé tí Akínlolú fi máa wọ ẹ̀ka odò nígbà tí omi ń fà? Ṣé wèrè ni?" Ìlàjẹ pọ́nńbélé ni wọ́n fi sọ ọ́, èmi ni mo ń tú u sí èyí tí gbogbo wa gbọ́. Wọ́n ti yí ara padà lórí àga.

"Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn, Bàbá. Ó wọ̀ ọ́," ni bàbá mi wí.

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Bàbá tó bí èmi náà ni, sà."

"Bàbá rẹ! Ará Odò-Ẹrẹ̀!" Bàbá Àgbà fi ọwọ́ lu orúnkún. "Ó wọ̀ ọ́ lóòótọ́, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n kò yẹ kó wọ̀ ọ́. Ọ̀nà òkun ló fẹ́ gbà. Àbúrò rẹ̀ ló ní kí wọ́n gba ọ̀nà tó yá. Fún ọmọ náà láyè kó gba ọ̀nà òkun!"

Màmá mi ti sáré dé láti ìdí iná, eérú kún ọwọ́ wọn. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi ọwọ́ eléérú bo ẹnu, omi sì ń dà lójú wọn. Mo rò pé èéfín ni.

Láti ọjọ́ yẹn, ìjà bẹ̀rẹ̀ nílé wa. Ìjà gidi ni o. Bàbá mi á ti ilé ẹ̀kọ́ dé, wọn ò ní tíì bọ́ bàtà, Bàbá Àgbà á ti wí pé, "Tíṣà, mo ti rò ó." Bàbá Àgbà ní ẹni tó ń lọ sójú ogun kò mọ ibi tó máa já sí, bí a bá wá gba àìmọ̀ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, ogun wo là ń ṣe? Wọ́n ní bí Akínlolú ṣe jókòó sínú ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ọ̀nà méjì ló wà níwájú rẹ̀, ìtàn tó bá fi ọ̀kan ṣoṣo hàn, ó ti purọ́ mọ́ ọn. Bàbá mi ní ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan ló gbà. Bí kálukú bá ń ti ọkọ̀ síbi tó wù ú, ogun Odò-Ẹrẹ̀ kọ́ nìyẹn mọ́, àlá ni, àwọn ọmọ yìí á sì dàgbà, wọ́n á máa sọ fún èèyàn pé Akínlolú ló borí.

"Kí ló burú ńbẹ̀?" ni Bàbá Àgbà bèèrè.

"Irọ́ ni, sà!"

Wọ́n ń jiyàn nídìí oúnjẹ, wọ́n ń fi egungun ẹja ya odò sórí àwo. Èmi ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé Bàbá Àgbà ti jẹ púpùrú tán níbi tí wọ́n ti ń jiyàn, wọ́n ń fi ọwọ́ wá òkèlè mìíràn nínú àwo tó ti mọ́. Màmá mi bù sí i.

Ṣùgbọ́n àyà màmá mi kò balẹ̀. Wọ́n pe bàbá mi sẹ́yìn ilé nígbà tí èmi ń ṣa igi ìdáná jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. "Bàbá Déolú, ẹ̀yin náà ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí. Àgbà ni wọ́n, àna yín ni wọ́n. Ẹ ò ṣe gbà fún wọn kó tán?"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín sínú. "Ìyá Déolú, bí mo bá gbà fún wọn lónìí, kí ni wọ́n máa jí sí lọ́la?"

Màmá mi dúró, wọ́n ń wo ọkọ wọn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bu oúnjẹ alẹ́, orí ẹja, tó máa ń jẹ́ ti Bàbá Àgbà, ni wọ́n là sí méjì, ìdajì fún bàbá mi.

Ní ọjọ́ Sátidé kan tí òjò dá, bàbá mi fúnra wọn ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní, "Bàbá, a ó pín in sí méjì. A ó kọ́kọ́ ṣe é bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí àwọn ọmọ lè mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà, a ó ṣe ti 'ká ní'. Ṣùgbọ́n mi ò ní yí òfin omi padà fún ẹnikẹ́ni. Bí omi bá fà, ó fà."

"Mo gbà," ni Bàbá Àgbà wí. "Èmi náà mọ omi."

A kọ́kọ́ ṣe é bó ṣe ṣẹlẹ̀. Bàbá Àgbà wò ó títí ọkọ̀ pupa tó kẹ́yìn fi wọ ẹrẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fa àga wọn mọ́ ilẹ̀kùn. Ìka wọn ti le nítorí okùn àwọ̀n, nítorí náà èmi ni ọwọ́ wọn. Wọ́n á fi ìgbọ̀nwọ́ kàn mí, wọ́n á tọ́ka sí ibì kan, èmi á gbé ọkọ̀. Wọ́n fi ọkọ̀ díẹ̀ sí ẹnu ẹ̀ka odò tóóró bí ẹni pé wọ́n fẹ́ wọ̀ ọ́, wọ́n sì ní kí n kó èyí tó kù gba ojú òkun. Déolú, tó ní ọkọ̀ búlúù, kó gbogbo èèyàn rẹ̀ lọ sídìí ẹ̀ka odò, ó ń retí wọn. Nígbà tó máa fi bojú wẹ̀yìn, a ti wà lẹ́nu ibùdó rẹ̀. Omi fà. Ọkọ̀ búlúù ló jókòó sórí ẹrẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Ẹ wo bí mo ṣe fò! Mo sáré yí ilé ká, mo sáré jáde sójú títì, mò ń pariwo pé Òkè-Àgbọn ti borí, Akínlolú ti borí. Ìyá tó ń ta búrẹ́dì níwájú ilé wa béèrè lọ́wọ́ mi pé ìdíje bọ́ọ̀lù wo ni. Màmá mi, tí wọ́n ti ń fi gbogbo ọdún yẹn ṣe bí ẹni tí kò rí wa, pàtẹ́wọ́ títí ìpẹ́ ẹja fi ń fò kúrò lọ́wọ́ wọn. Bàbá mi mi orí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ata ta lẹ́nu.

Nígbà tí mo sáré padà, mo rò pé màá bá Bàbá Àgbà níbi tí wọ́n ti ń jó. Wọ́n ń wo ilẹ̀kùn náà ni. Inú wọn dùn, ṣùgbọ́n kò jọ ti ẹni tó borí. Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kó àwọn ọkọ̀ jọ, pupa àti búlúù, wọ́n tì wọ́n sí igun kan.

"Tíṣà," ni wọ́n wí, "gba ẹfun. Bá mi ya Òkè-Àgbọn síbí. Ìlú náà fúnra rẹ̀."

Bàbá mi wo màmá mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi àkísà tútù nu ogun kúrò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í yà á bí Bàbá Àgbà ti ń sọ: ṣọ́ọ̀ṣì, kànga, ọ̀nà tí àwọn ọmọ máa ń gbà lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ibi àgbọn ní ìkángun ìlú, ilé wọn. Páálí ìṣáná ni wọ́n fi ṣe ilé. Bàbá Àgbà fi ìka han ibi tí òkun wà nígbà tí wọ́n gbé Ìyá Àgbà níyàwó. Ó jìnnà débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sílẹ̀ lórí ilẹ̀kùn. Wọ́n wá ní kí bàbá mi máa fa òkun náà wọlé, òjò kan lẹ́yìn òmíràn, bó ṣe wọlé gan-an. Àkísà ń nu ìlà kan, ẹfun ń fa òmíràn. Ilé ìwòsàn kékeré lọ. Ọjà lọ.

"Ìyá wọn sọ fún mi," ni Bàbá Àgbà wí. Ohùn wọn ti lọ sílẹ̀. "Ó ní ká kó kúrò létí omi, ká lọ kọ́lé síbi àgbọn, ilẹ̀ ga níbẹ̀. Ó sọ ọ́ títí ó fi kú. Mo ní èmi ò lọ síbì kankan. Ká ní mo gbọ́ tirẹ̀ ńkọ́? Ká ní ibẹ̀ ni mo sin ín sí?"

Ẹfun dúró lọ́wọ́ bàbá mi. Mo mọ̀ nísinsìnyí, mi ò mọ̀ nígbà náà, pé ohun tí Bàbá Àgbà gbé mì láti ọjọ́ tí wọ́n ti bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ nìyẹn. Ẹlòmíràn á ti sọ pé, "Ẹ má ronú bẹ́ẹ̀, Bàbá, amúwá Ọlọ́run ni." Bàbá mi kò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé páálí ìṣáná náà, wọ́n gbé e lọ síbi àgbọn, rọra.

"Ó dára, sà. Ẹ ti kó síbẹ̀. Òjò dé. Nígbà wo ni òkun dé ibi àgbọn?"

Bàbá Àgbà tẹ̀ síwájú, wọ́n ń wo ibi tí páálí ìṣáná wà. Gbogbo ará Òkè-Àgbọn ló mọ̀ ọ́n, Bàbá Àgbà fúnra wọn sì ti fi ojú ara wọn rí i. Wọ́n mọ̀ pé Ìyá Àgbà ní ká lọ síbi àgbọn, wọ́n sì mọ ọjọ́ tí ibi àgbọn lọ. Ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ kò tíì jẹ́ kí wọ́n fi ìmọ̀ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn rí.

"Ibi àgbọn ti lọ," ni wọ́n sọ níkẹyìn, "kó tó kan tiwa. Ẹ̀gbẹ́ ìkángun yẹn ni omi ti kọ́kọ́ ya wọlé. Igi ibẹ̀ ni a fi ń dáná lọ́dún náà." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ká ní ibẹ̀ la sin ín sí ni, omi ì bá ti tètè gbé e."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni bàbá mi wí.

Èmi, tí mo ṣì ń gbóná fún ìṣẹ́gun, kò fẹ́ gbà. Mo já páálí ìṣáná náà gbà, mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí tí mo dúró lé, mo gbé e sílẹ̀ símẹ́ńtì, ó jìnnà sí ilẹ̀kùn. "Bàbá Àgbà, ẹ kó wá sí Ìgbòkòdá! Ká ní ẹ kó wá sọ́dọ̀ wa ńkọ́? Òkun ò lè dé ibí!"

Déolú gbá mi lójúgun. Ṣùgbọ́n Bàbá Àgbà ti bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé. "Ìyá rẹ àgbà? Ní Ìgbòkòdá? Nígbà tí wọ́n bí ọ, ó wá síbí wá wẹ̀ ọ́. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ dáadáa tó ti di ẹrù rẹ̀. Ó ní etí òun ń hó, òun ò lè sùn níbi tí òun ò ti gbọ́ ohùn òkun. Ta ló máa gbé e wá síbí? Ìwọ?"

"Lóòótọ́ ni," ni màmá mi wí. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún. "Wọ́n fi ọmọ jòjòló sílẹ̀ fún mi, wọ́n ní òkun ń pe àwọn."

Bàbá Àgbà na ọwọ́, mo sì fi páálí ìṣáná náà lé àtẹ́lẹwọ́ wọn. Wọ́n gbé e padà síbi tí ilé wọn wà, létí omi, wọ́n fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Wọ́n ní oorun ń kun àwọn. Nígbà tí mo lọ wo àyà wọn bí mo ti máa ń ṣe, híhanrun ni wọ́n ń hanrun, mo sì padà lọ ṣeré mi. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n yí àga wọn, wọ́n kọjú sí ọ̀nà odò, wọ́n sì ní kí Déolú gbé àwọ̀n wọn wá, àwọn fẹ́ tún un ṣe.

Wọ́n bá wa gbé títí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde ilé ẹ̀kọ́ girama. A ń ṣe ogun náà lọ, ẹ̀ẹ̀kan bó ṣe ṣẹlẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ti ká ní. Déolú gbọ́n sí i, nígbà tó yá, àní bí Akínlolú bá gba ojú òkun, Akínlolú náà ló máa ń pàdánù. Bàbá Àgbà á ní ó rẹ̀ ẹ́ ni lọ́jọ́ yẹn, tàbí pé oúnjẹ tí ìyàwó rẹ̀ fún un kò yó o. Ìgbòkòdá la sin wọ́n sí. Màmá mi sunkún gidigidi pé wọn ò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àwọn. Bàbá mi ló ní, "Ìyá Déolú, ibi tí wọ́n ì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kò sí mọ́," wọ́n sì di ọwọ́ màmá mi mú títí a fi kúrò níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni mí báyìí ní Àkúrẹ́. Kò sí ọ̀rọ̀ tí mo ń gbọ́ nínú iṣẹ́ mi tó ọ̀rọ̀ méjì yìí: ká ní. Àwọn èèyàn ò tíì gbé òkú wọn kúrò tí wọ́n á ti máa bi mí. Láìpẹ́ yìí, ọkùnrin kan tí ìyá rẹ̀ kú lọ́dọ̀ wa dì mí láṣọ mú. Ó ní ọjọ́ Sátidé ni ìyá òun ti ń ṣàárẹ̀, òun ní kí wọ́n ní sùúrù dọjọ́ Ajé. "Nọ́ọ̀sì, ká ní mo gbé wọn wá lọ́jọ́ Sátidé ńkọ́?"

Ẹnu wa ti mọ ohun tí à ń sọ nírú àkókò bẹ́ẹ̀: ẹ fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run, ẹ má ronú mọ́. Mo fa àga kan fún un, mo fa òmíràn fún ara mi. Mo ní kó sọ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀, ìgbà tí ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ ní àwọn ò fẹ́ jẹun, ìgbà tí ẹsẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wú. A bá a lọ bó ṣe lọ gan-an. Nígbà tí a dé ọjọ́ Sátidé, òun náà ti rí i pé àìsàn náà ti kọjá ibi tí ọwọ́ wa lè ká a ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ṣáájú. Ó bi mí bóyá mo kàn ń tu òun nínú ni. Mo ní rárá, òtítọ́ ni. Ó sì gbà mí gbọ́.

Mi ò ní purọ́ fún yín, gbogbo rẹ̀ kọ́ ló máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mìíràn wà tí òtítọ́ náà jẹ́ pé ká ní wọ́n tètè dé ni, ẹni náà ì bá wà láàyè. Wọ́n á wo ojú mi, wọ́n á sì rí i níbẹ̀. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, mo máa ń wá inú ara mi bóyá màá rí sùúrù bàbá mi, tó lè bá àgbàlagbà jiyàn lójoojúmọ́ nítorí ìfẹ́. Mi ò tíì rí i tó. Ọmọbìnrin tí mo jẹ́ nígbà náà, ká ní ó wà níbẹ̀, á ti gbé gbogbo nǹkan sọ̀ kalẹ̀, á ní ẹ jẹ́ ká tún un ṣe, ẹ jẹ́ ká gba ọ̀nà mìíràn. Èmi mọ̀ pé kò ṣeé tún ṣe. Mo kàn máa ń jókòó tì wọ́n ni, títí wọ́n á fi lè dìde fúnra wọn.